Death Rally ti 1996 lórí láptọ́ọ̀pù: ẹ wá sọ ọgbọ́n tí ẹ ń dá sí i

Ọmọ_Òkè_Àró
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n mi kan ló fún mi ní Death Rally, géèmù mọ́tò àtijọ́ yẹn tó jẹ́ pé àtòkè lèèyàn ti ń wo títì, mọ́tò mẹ́rin á jọ máa sáré wọ́n á tún máa yìnbọn mọ́ra wọn, mo ti fẹ́ràn ẹ̀ gan-an ni. Àmọ́ nǹkan mẹ́ta ń dà mí láàmú. Inú DOSBox, ètò tó ń jẹ́ kí géèmù DOS àtijọ́ ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà òde òní, ni mo ti ń gbá a, nígbà míì á sáré dáadáa, nígbà míì á kàn máa wọ́, ohùn orin á sì máa já. Èkejì, tí mo bá tẹná tí mo tún ń yà sí ọ̀tún tí mo wá fẹ́ yìnbọn, ìbọn ò ní dún. Ẹ̀kẹta ló ká mi lára jù, Vagabond tí wọ́n fún mi níbẹ̀rẹ̀ ni mo ṣì ń wà, gbogbo owó tí mo bá rí ni títún mọ́tò ṣe ń gbé lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn tá a jọ ń sáré ti wà nínú Dervish àti Sentinel. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Tèmi_Ni_Títì
Ká kọ́kọ́ mọ èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ ná, torí Death Rally méjì ló wà. Ti àkọ́kọ́ jáde ní 1996, àwọn Remedy ní orílẹ̀-èdè Fínlándì ló ṣe é, òun gan-an ni géèmù àkọ́kọ́ tí wọ́n gbé jáde kí géèmù wọn tó ń jẹ́ Max Payne tó sọ wọ́n di ẹni tí gbogbo ayé mọ̀, Apogee ló sì bá wọn gbé e sọ́jà. Wọ́n tún wá ṣe òmíì fún fóònù ní 2011, ìyẹn dórí kọ̀ǹpútà ní 2012, ó yàtọ̀ pátápátá, nítorí náà tó o bá rí ìmọ̀ràn níbòmíì, kọ́kọ́ wò ó bóyá tìẹ ni wọ́n ń sọ. Ní 2009 Remedy fúnra wọn tú ti 1996 sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì ti tún un ṣe kó lè ṣiṣẹ́ lórí Windows láìlo DOSBox. Kò sídìí tí ẹnikẹ́ni á fi lọ máa dáúnlóòdù ẹ̀ níbi tí fáírọ́ọ̀sì kún. Tó bá jẹ́ ìwọ nìkan lò ń gbá a, ti Windows yẹn ló rọrùn jù.

Ọmọ_Òkè_Àró
Ẹ ṣé gan-an sà. Ti DOS ni tèmi. Láptọ́ọ̀pù náà ti pẹ́ díẹ̀, 4GB RAM, Linux ni mo fi sí i torí Windows ti wúwo jù fún un. Àwa mẹ́ta la sì fẹ́ jọ máa gbá a ní Sátidé, ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ fi DOSBox sílẹ̀.

Bọ̀dá_Wáyà
Ìbéèrè kan ṣoṣo: ìgbà tó máa ń wọ́ yẹn, ṣé wáyà ṣájà wà lára láptọ́ọ̀pù àbí bátìrì ló ń lò? Ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ló jẹ́ pé tí wọn ò bá ti rí iná, wọ́n á rọra dín agbára ara wọn kù kí bátìrì lè pẹ́, DOSBox sì ń jẹ agbára púpọ̀ torí ó ń ṣe bíi kọ̀ǹpútà 486 ayé ìgbà yẹn látòkè délẹ̀. Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, lọ síbi ètò iná nínú Linux ẹ, yàn án kó má dín agbára kù lórí bátìrì. Bátìrì á tètè tán lóòótọ́, àmọ́ géèmù ò ní wọ́.

Èyí tó kù, cycles ni. Cycles ni iye iṣẹ́ tí DOSBox ń ṣe fún géèmù. Tó bá kéré jù, mọ́tò á máa wọ́. Tó bá sì ju ohun tí láptọ́ọ̀pù ẹ lè gbé, ohùn ló kọ́kọ́ máa ń já, kí gbogbo ẹ̀ tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dúró ségesège. Má fi sílẹ̀ kó máa yan fúnra ẹ̀. Ṣí dosbox.conf, fáìlì tí ètò DOSBox wà nínú ẹ̀, wá ibi tí wọ́n kọ cycles sí, kọ ọ́ báyìí: cycles=fixed 25000. Wọnú géèmù, wọ eré kan, kó o máa gbọ́ orin. Tí mọ́tò bá ṣì ń wọ́, tẹ Ctrl pẹ̀lú F12 kó lọ sókè díẹ̀díẹ̀, tí orin bá ń já, Ctrl pẹ̀lú F11 kó wálẹ̀. Wàá máa rí nọ́ńbà náà bó ṣe ń yí lókè fèrèsé DOSBox níbi tí àkọlé wà, nítorí náà má tíì jẹ́ kó gba gbogbo ojú kọ̀ǹpútà. Ibi tó bá ti dùn ún wò, tí orin sì ń lọ geere, kọ nọ́ńbà yẹn sínú fáìlì náà, ó parí.

Tún fi aspect=true sí i. Ojú tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ni wọ́n ya àwọn mọ́tò yẹn fún, tí o ò bá fi sí i, wọ́n á fẹ̀ bẹẹrẹ, títì náà á sì rí bákan. Fún ohùn, Sound Blaster 16 (irú káàdì ohùn kan láyé ìgbà yẹn) ni kó o yàn nínú ètò géèmù náà, 220, IRQ 7, DMA 1, bí DOSBox ṣe wá látilé nìyẹn.

Olórin_Ẹ̀yìn_Odi
Ẹ má jẹ́ kí ohùn yẹn máa já o, ẹ bá a ṣe é dáadáa. Jonne Valtonen tí wọ́n ń pè ní Purple Motion ló ṣe orin inú ẹ̀. Inú Future Crew ló ti wá, àwọn ọ̀dọ́ Fínlándì tí wọ́n máa ń fi kọ̀ǹpútà kékeré dá àrà tí ẹnu á ya èèyàn, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tó dá Remedy sílẹ̀ ní 1995 ti jáde. Mo máa ń ṣí géèmù yẹn nígbà míì torí orin ẹ̀ nìkan.

Àníkẹ́_Sáré
Ìbọn tí kò dún yẹn, géèmù ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀, kíbọ́ọ̀dù ni. Ọ̀pọ̀ kíbọ́ọ̀dù láptọ́ọ̀pù ló jẹ́ pé ńṣe ni wọ́n da wáyà àwọn bọ́tìnnì pọ̀, tó o bá tẹ méjì mọ́lẹ̀ tó o wá tẹ ẹ̀kẹta, ẹ̀kẹta lè má wọlé rárá, ó sì sinmi lórí àwọn tó o tẹ̀ pa pọ̀. O lè dán an wò báyìí: ṣí ibi tó o ti lè kọ ọ̀rọ̀, tẹ lẹ́tà méjì mọ́lẹ̀ má fi wọ́n sílẹ̀, wá tẹ òmíì. Tí ìkẹta ò bá jáde, àwọn mẹ́ta yẹn ò lè jọ ṣiṣẹ́. Àwọn bọ́tìnnì ọlọ́fà ló sábà máa ń ṣe báyìí pẹ̀lú bọ́tìnnì gbọọrọ ìsàlẹ̀ yẹn.

Ctrl àti Shift ni wọ́n máa ń ya wáyà tiwọn sọ́tọ̀, nítorí náà fi ìbọn sí Ctrl òsì, kó o fi turbo, èyí tó ń mú mọ́tò sáré sí i, sí Shift òsì. Má lo Ctrl pẹ̀lú Alt pa pọ̀ lórí Linux, torí lórí ọ̀pọ̀ Linux, Ctrl àti Alt pẹ̀lú ọfà á gbé ẹ kúrò lójú géèmù lọ síbòmíì láàárín kọ́nà. Àwọn tó ń lo Windows, ẹ kọ́kọ́ lọ pa Sticky Keys (ètò Windows kan fún bọ́tìnnì), torí tẹ́ ẹ bá ti tẹ Shift lẹ́ẹ̀marùn-ún báyìí, àpótí kan á yọ síwájú yín, kẹ́ ẹ tó pa á dé, mọ́tò ti wọ ara ògiri. Tó o bá ní pádì USB, òun náà dáa, Ctrl pẹ̀lú F1 nínú DOSBox á jẹ́ kó o so bọ́tìnnì pádì mọ́ ti kíbọ́ọ̀dù.

Ìyá_Ràlì
Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ owó yẹn ni kó o jẹ́ ká jókòó sí, torí géèmù yìí, ẹni tó mọ owó ọ́n ná ló ń gbà á ju ẹni tó mọ ọkọ̀ ọ́n wà lọ.

Ìpalára tí mọ́tò ẹ bá gbà nínú eré kan, ó ń tẹ̀lé ẹ lọ sínú èyí tó kàn ni, àfi tó o bá sanwó fún panẹlibítà. Ìwọ wá rò ó: tó o bá gbé ipò kìíní nínú eré kan, tí mọ́tò ẹ sì ti fọ́ tán, owó tó o gbà yẹn ti padà sọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Tó o bá ṣe kejì, tí mọ́tò ẹ ò fi bẹ́ẹ̀ fara pa, owó wọlé, ó sì dúró. Nítorí náà, nígbà tó bá ṣì jẹ́ Vagabond lò ń wà, má máa lépa ipò kìíní lọ́nàkọnà. Lépa kí mọ́tò ẹ délé.

Wọ́n máa ń gbé eré mẹ́ta síwájú ẹ kó o forúkọ sílẹ̀, èyí tó rọrùn, ti àárín, àti èyí tó le. Owó àti máàkì ti èyí tó le ló pọ̀ jù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń mú àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ti rírọrùn ni kó o máa wọ̀, léraléra, kó o máa kó owó ẹ̀ pa mọ́. Àpò owó tún máa ń wà nílẹ̀ lójú títì, tí kò bá ní mú ẹ ya kúrò lọ́nà, gbé e, owó ni.

Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n ń tà fún mọ́tò: ẹ́ńjìnnì, táyà, àti irin ààbò. Ẹ́ńjìnnì ni kó o kọ́kọ́ rà, kí irin ààbò kan tẹ̀ lé e, kó o wá dáwọ́ dúró. Má kó gbogbo owó lé Vagabond lórí títí gbogbo ẹ̀ á fi kún, torí bó o ti wù kó o tún un ṣe tó, Vagabond náà ni. Dervish ni kó o máa tọ́jú owó dè, lẹ́yìn ẹ̀ Sentinel, kó tó wá kan Shrieker, Wraith àti Deliverator. Ó sì dáa kéèyàn fo ọ̀kan tí owó bá ti fẹ́ tó ra èyí tó tẹ̀ lé e.

Ní ti sógundogójì tó ń yáni lówó níbẹ̀, ìgbà kan ṣoṣo ni mo fọwọ́ sí i: nígbà tí owó mọ́tò tuntun bá ku díẹ̀ kó pé, tó sì dá ẹ lójú pé eré tó kàn á san án padà. Má yá owó láti fi tún mọ́tò ṣe láé, má sì jẹ́ kí àkókò tó dá fún ẹ pé láìsan án.

Tó bá tún ń le fún ẹ, tún un bẹ̀rẹ̀ ní ìpele tó rọlẹ̀ jù, èyí tí wọ́n pè ní Speed Makes Me Dizzy. Méjì ló tún wà lókè ẹ̀, I Live To Ride àti Petrol In My Veins. Kò sí ìtìjú nínú kéèyàn kọ́ ọ láti ìsàlẹ̀, ibẹ̀ lèèyàn ti máa ń mọ ojú títì kọ̀ọ̀kan.

Kọ́nà_Lorúkọ_Mi
Mo bọ̀wọ̀ fún yín Màmá, gbogbo ohun tí ẹ sọ nípa owó ni mo gbà, àfi ti ẹ́ńjìnnì yẹn. Táyà ni mo máa ń kọ́kọ́ rà ní tèmi. Ẹ wo títì tó ń jẹ́ Snake Alley, kò sí ibi tó gùn tí ẹ́ńjìnnì fẹ́ ṣiṣẹ́ sí, kọ́nà ń bí kọ́nà ni, mọ́tò tó lẹ́ńjìnnì tí kò ní táyà, ńṣe lá máa yọ̀ lọ gbá ògiri, ògiri náà sì ń ba mọ́tò jẹ́, owó mẹkáníìkì yẹn náà tún nìyẹn. Ọgbọ́n kọ́nà tí mo fi ń gbá a ni pé kí n tó dé ibẹ̀ ni mo ti máa gbé ọwọ́ kúrò lórí iná, mi ò ní dúró dìgbà tí mo bá wà nínú ẹ̀. Màá yà, ìdí mọ́tò á yí díẹ̀, bí imú ẹ̀ bá ti kọjú sí ibi tí mò ń lọ báyìí ni màá tún tẹná. Ìgbà tójú ẹ̀ bá ti tọ́ tán lèèyàn ń lo turbo, ẹni tó bá lò ó nínú kọ́nà ti fi ṣòfò.

Ìyá_Ràlì
Fún Snake Alley, mo gbà fún ẹ. Àmọ́ láwọn títì tó gbalẹ̀, ẹni tí ò ní ẹ́ńjìnnì, ẹ̀yìn ló máa wà. Kó wo títì tó máa ń bọ́ sí jù, kó ra èyí tó bá a mu.

Àníkẹ́_Sáré
Ẹ tún sọ fún un nípa olú o. Olú tó wà lójú títì yẹn, má gùn ún. Gbogbo ojú kọ̀ǹpútà ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í mì, o ò ní mọ ibi tí títì gbà.

Dírẹ́bà_Àgbà
Ọ̀rọ̀ ìbọn. Iwájú nìkan ni ìbọn mọ́tò ẹ kọjú sí, bẹ́ẹ̀ náà ni ti gbogbo wọn, ìyẹn ni pé ẹni tó bá wà níwájú ni ọta ń bá. Tí eré bá ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn á tẹ turbo lọ síwájú, wọ́n á gbé ẹ̀yìn fún mọ́tò mẹ́ta tí ìbọn wà lẹ́nu ẹ̀. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́ káwọn mẹ́ta yẹn ṣáájú, kọ̀ǹpútà náà ń yìnbọn mọ́ra wọn, ìwọ tẹ̀ lé wọn ní ìwọ̀n tí ojú ẹ á fi máa tó wọn. Ọta ò pọ̀, má yìn ín nínú kọ́nà torí ara ògiri ló máa lọ, dúró dìgbà tí ojú títì bá tọ́, tí mọ́tò iwájú wà lójúkan, kó o wá dà á bò ó. Èyí tó bá ti ń rú èéfín, òun ni kó o dojú kọ, má pín ọta sí mọ́tò mẹ́ta, torí mọ́tò tó bá ti bú gbàmù, ó ti kúrò nínú eré nìyẹn, àmọ́ mẹ́ta tó fara pa díẹ̀díẹ̀, gbogbo wọn ló ṣì lè ṣáájú ẹ dé.

Ọjà fàyàwọ́ wà níbẹ̀ náà. Wọ́n ń ta bọ́ǹbù tí wọ́n ń jù sílẹ̀ lẹ́yìn mọ́tò, irin ṣóńṣó tí wọ́n ń dè mọ́ bọ́m̀pà iwájú, àti bẹntiróòlù rọ́kẹ́ẹ̀tì. O tún lè sanwó kí wọ́n lọ ba mọ́tò ẹlòmíì jẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Nínú gbogbo ẹ̀, bọ́ǹbù ni mo fọwọ́ sí jù. Ibi tí títì bá ti fún ni kó o jù ú sí, ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn ò ní ríbi yà sí. Irin ṣóńṣó dáa fún ẹni tí irin ààbò ẹ̀ ti nípọn, torí ó ní láti fi ara gbára. Bẹntiróòlù rọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn ni kó o fi sílẹ̀ ná: turbo ẹ á le lóòótọ́, àmọ́ mọ́tò tìẹ gan-an ló ń bàjẹ́ bó o ṣe ń lò ó.

Màmá_Ẹ̀jìrẹ́
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú, mo kàn ń kà á lọ ni. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n sì fẹ́ràn géèmù mọ́tò. Ṣé mo lè fi èyí fún wọn?

Ìyá_Ràlì
Rárá o, ẹ jẹ́ kí wọ́n dàgbà díẹ̀ sí i. Àwọn òǹwòran tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mọ́tò lè tẹ̀ wọ́n pa, ẹ̀jẹ̀ á sì hàn nílẹ̀. Wọ́n tún máa ń fi iṣẹ́ òògùn olóró lọ awakọ̀ nínú ẹ̀. Èmi ò lè fi síwájú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Géèmù mọ́tò tí kò ní ìbọn pọ̀ lọ́jà, ẹ wá ọ̀kan fún wọn.

Bọ̀dá_Wáyà
Ti Sátidé yẹn ni mo padà wá fún. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ ní géèmù DOS kan náà, kí ti ọ̀kan má yàtọ̀. Nínú dosbox.conf ti oníkálukú, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ipx=false sí (IPX ni ọ̀nà tí àwọn géèmù DOS fi ń bára wọn sọ̀rọ̀), ẹ yí i sí ipx=true. Wi-Fi kan náà ni kí gbogbo yín wà lórí ẹ̀, hotspot fóònù tó, kò ní jẹ dátà yín torí láàárín yín náà ni gbogbo ẹ̀ ń lọ.

Ẹnì kan á gbà á lálejò, á kọ ipxnet startserver nínú DOSBox kó tó ṣí géèmù. Àwọn tó kù á kọ ipxnet connect pẹ̀lú nọ́ńbà IP kọ̀ǹpútà onílé, ìyẹn àdírẹ́sì ẹ̀ lórí Wi-Fi yẹn. Ibi tó máa ń há èèyàn lórí Linux rèé o, ẹ fara balẹ̀ kà á: tí o ò bá yan pọ́ọ̀tì (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọlé), 213 ni DOSBox máa fẹ́ lò, Linux kì í sì í jẹ́ kí ẹni tí kì í ṣe root, ìyẹn ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ṣí pọ́ọ̀tì tó wà nísàlẹ̀ 1024. Nítorí náà bó o ṣe máa kọ ọ́ nìyí: ipxnet startserver 19900. Àwọn tó kù náà á fi 19900 sẹ́yìn nọ́ńbà IP. Tí kò bá ṣì wọlé, firewall, ètò tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kọ̀ǹpútà, ló dí i, ṣí 19900 fún UDP. Ẹ má fi sudo, àṣẹ tó ń sọ èèyàn di root, ṣí DOSBox tìtorí pọ́ọ̀tì, kò yẹ.

Kí cycles yín sún mọ́ra. Tí ti ẹnì kan bá ń wọ́, eré gbogbo yín ló máa wọ́.

Ọmọ_Òkè_Àró
Ọlọ́run á bùn yín o. Bátìrì ni lóòótọ́, iná ò sí láwọn ìgbà tó ń wọ́ yẹn. Mo ti yí i, mo fi cycles sí 22000, orin ń lọ geere. Ìbọn náà ti ń dún láti orí Ctrl. Mo ti ra Dervish! Eré rírọrùn nìkan ni mo ń wọ̀ bí Màmá ṣe sọ, mo sì ń tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo dán eré tó le wò, mo rí Duke Nukem, akọni inú géèmù míì, nínú àwọn awakọ̀, kò jẹ́ kí n mí rárá. Ṣé òun ló kẹ́yìn ni?

Tèmi_Ni_Títì
Rárá, òun kọ́ ló kẹ́yìn. Apogee tó gbé géèmù yìí jáde ló ni Duke nígbà yẹn, wọ́n fi sínú ẹ̀ bí awakọ̀, ó sì lágbára. Àmọ́ ogún awakọ̀ ló wà lórí àtẹ, tó o bá gun àtẹ yẹn dé orí, ìgbà yẹn lẹni tí wọ́n ń pè ní Adversary á jáde wá bá ẹ, ìwọ àti òun nìkan lẹ máa jọ sáré. Mọ́tò ẹ̀ le ju ti gbogbo wọn lọ. Má gbìyànjú ẹ̀ láìní Deliverator tó ti kún ní ẹ́ńjìnnì, ní táyà, àti ní irin ààbò, kó o sì ti tún gbogbo ìpalára ṣe tán kí máàkì ẹ tó gbé ẹ dé ipò kìíní. Nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀yin méjì péré ni, ọgbọ́n Dírẹ́bà Àgbà ló ṣì ń ṣiṣẹ́, má jẹ́ kó wà lẹ́yìn ẹ pẹ́.

Dírẹ́bà_Àgbà
Bẹ́ẹ̀ ni. Àti pé jẹ́ kó tán ọta ẹ̀ dànù. Tí o bá rí i pé ó ń yìn ín lẹ́yìn ẹ, máa yà sọ́tùn-ún yà sósì lójú títì, kó má rójú ibì kan.

Bọ̀dá_Wáyà
Kó tó di Sátidé, kọ́pì gbogbo fóódà géèmù náà síbòmíì, torí inú ẹ̀ ni ibi tó o bá eré dé wà. Tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ bá wá jókòó sí láptọ́ọ̀pù ẹ tí wọ́n bá tẹ nǹkan kan mọ́ ọn, wàá ṣì rí Dervish ẹ.